Bátìrì Kẹ̀kẹ́ Oníná: Èwo ni ó Tó Ìrìn Wa?

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí kò gùn rárá: bí ènìyàn bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere tí ń fi iná mànàmáná rìn, báwo ni yóò ṣe mọ bí ó ti yẹ kí bátìrì rẹ̀ tóbi tó?

Ìbéèrè kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n owó oṣù ènìyàn wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ ilẹ̀ wa kéde pé ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù ti lọ, owó ọkọ̀ ti di ohun tí olùkọ́ ń ṣírò kí ó tó jáde nílé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kẹ̀kẹ́ oníná. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú iye tí a ń ta irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, bátìrì ni ó sábà máa ń gba ìpín tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ra èyí tí kò tó yóò máa ti kẹ̀kẹ́ gun òkè lọ́sàn-án gangan. Ẹni tí ó bá ra èyí tí ó pọ̀ jù ti kó owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sínú àpótí tí kò ní í lò tán.

Kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ohun àná o. Ní ọdún 1895 ni ará Amẹ́ríkà kan, Ogden Bolton, ti gba ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ tí ń fi bátìrì rìn. Ìwúwo bátìrì òjé wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó tàn kálẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ Sony ní Japan gbé bátìrì lítíọ́mù jáde fún títà, òun náà ni ó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná tí ó dára lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sára rẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ní lẹ́tà V lẹ́yìn, èyíinì ni fólìtì. Èkejì ní Ah lẹ́yìn, èyíinì ni áńpíà-wákàtí. Àwọn òǹtajà mìíràn a máa fi èyí tí ó dùn-ún gbọ́ nínú méjèèjì han ẹni, wọn a sì fi ọwọ́ bo èkejì. Ẹ fi wé àgbá omi tí a gbé ka orí òpó. Fólìtì ni gíga òpó náà. Áńpíà-wákàtí ni ìwọ̀n omi tí ó wà nínú àgbá. Àgbá ńlá tí ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò lè ta omi sókè. Ife omi kan ṣoṣo tí ó wà lórí òpó gíga kò sì lè ṣiṣẹ́ pẹ́. Iṣẹ́ tí omi náà lè ṣe ni a ó rí bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀ ara wọn. Ohun tí a ó rí náà ni wáàtì-wákàtí, tí a ń kọ ní Wh. Bátìrì 36V tí ó ní 13Ah jẹ́ 468Wh. Bátìrì 48V tí ó ní 10Ah jẹ́ 480Wh. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó bá wo Ah nìkan yóò rò pé ti àkọ́kọ́ ni ó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni èkejì fi díẹ̀ jù ú lọ! Nítorí náà, bí a bá dé ọ̀dọ̀ òǹtajà, Wh ni kí a béèrè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí a ṣe ìsọdipúpọ̀ náà lójú rẹ̀.

Wàyí o, kìlómítà kan, Wh mélòó ni ó ń jẹ? Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, tí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ àti ẹrù bá wúwo tó kílógíráàmù 100, tí a sì ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan láìfi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́ rárá, yóò jẹ bíi 7Wh ní kìlómítà kan. Bí a bá sọ eré náà di 30, yóò jẹ bíi 12Wh. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ìyókù: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ ran kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ní tòótọ́ lè ná ìdajì èyí.

Òkè ni ọ̀rọ̀ tí ó kù, a kò sì lè fojú fò ó, pàápàá fún àwa tí a ń gbé láàrin Òkè Mápó àti Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn, tàbí ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ ń gbé abẹ́ Olúmọ. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì lè bá mi ṣírò rẹ̀. Láti gbé kílógíráàmù 100 gun òkè tí ó ga ní mítà 100, iṣẹ́ tí a ó ṣe jẹ́ 98,000 júùlù. Ẹ fi 3,600 pín in, ó di bíi 27Wh. Bí a bá ti ka èyí tí ẹ̀rọ yóò sọ di ooru lásán mọ́ ọn, yóò tó 35Wh tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè kan ṣoṣo jẹ kìlómítà márùn-ún! Bí a bá sì ń sọ̀ ní ìhà kejì, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ kò ní í dá iná kankan padà fún wa. Nítorí èyí ni iye kìlómítà tí a kọ sára páálí, bíi 80 tàbí 100, kì í fi í rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí kò sanra, lórí ọ̀nà tí ó tẹ́jú, tí ń rọra lọ, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ni a sábà máa ń fi ṣe irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan ní Ìbàdàn, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jìnnà sí ilé rẹ̀ ní kìlómítà 12. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 24. Nítorí òkè àti ìdúró-dúró nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi 12Wh fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan: 288Wh. Kò dára kí a máa lo bátìrì gbẹ pátápátá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ìdá márùn-ún kan sílẹ̀. Ó di 360Wh. Òǹtajà yóò dìde níbí yìí, yóò ní, “36V, 10Ah, ó ti bọ́ sí i!” Òótọ́ ni, fún ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì a máa darúgbó. Lẹ́yìn tí a bá ti kún lítíọ́mù ní ìgbà 500 sí 1,000, èyí tí yóò lè gbà kì í sábà ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Olùkọ́ tí ń kún un ní ọjọ́ 200 lọ́dún yóò dé 500 láàrin ọdún méjì ààbọ̀. Nítorí náà, 360 a di 450. 48V, 10Ah ni ó tó olùkọ́ yìí.

Ṣé kò wá ní dára kí ó kúkú ra 48V, 20Ah, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bátìrì 480Wh wúwo bíi kílógíráàmù mẹ́ta. Èyí yóò tó ìlọ́po méjì, owó rẹ̀ náà yóò sì gòkè. Bí ó bá lè rí iná lò nílé ẹ̀kọ́, bátìrì tí ó kéré sí ti àkọ́kọ́ pàápàá lè tó o. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí n kò fi ní í bá ẹni tí ó ra ńlá jiyàn ní ilẹ̀ wa: iná ìjọba. Kíkún bátìrì 480Wh kò tó yúnítì kan lórí mítà, ṣùgbọ́n ṣájà tí ń gbé áńpíà méjì yóò lò tó wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Ní àdúgbò tí iná kì í dé ní ọjọ́ méjì, bátìrì tí ó lè rin ìrìn ọjọ́ méjì kì í ṣe àṣejù. Ẹni tí ó ní páánẹ́lì oòrùn 200W lè kún ti 480 láàrin ọjọ́ kan tí oòrùn bá ràn dáadáa.

Àwọn kan yóò ní kí a kó bátìrì òjé sí i nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Mẹ́rin tí ó jẹ́ 12V, 12Ah yóò fún wa ní 576Wh lórí ìwé. Ṣùgbọ́n wọn yóò wúwo tó kílógíráàmù 16, bí a kò bá sì fẹ́ kí wọ́n tètè kú, ìdajì rẹ̀ ni a lè máa lò. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ṣe é láti jí ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe láti máa gbẹ lójoojúmọ́.

Mo tún fẹ́ dárúkọ àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni yóò ní kí wọ́n gbé bátìrì bọ̀ wálé nínú àpótí. Kò ṣe é ṣe. Ọkọ̀ òfuurufú èrò kì í gba bátìrì lítíọ́mù tí ó bá ju 160Wh lọ, ti kẹ̀kẹ́ wa sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí. Ní Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù iná, láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni a ti ka kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ṣe é ká léèwọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìlú náà. Agbára tí ó ń gbé wa gun òkè ni agbára tí ń jó ilé. Bátìrì tí a tò jọ láti ara àjákù kọ̀ǹpútà alágbèéká, bí Wh rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó tò ó. Ṣájà tí ó bá bátìrì wá ni kí a lò. Kí a má sì kún un nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, tàbí nígbà tí ara rẹ̀ bá ṣì ń gbóná láti inú oòrùn.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà tó san owó tán, kí ó bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ gùn ún dé ilé ẹ̀kọ́ òun gan-an pẹ̀lú ìwé àti àpò, ní àkókò tí òun sábà ń lọ. Bátìrì 48V tí ó kún yóò fi bíi 54.6V hàn; tí ó bá fẹ́ kú, yóò sún mọ́ 40V. Bí ó bá ti sún mọ́ 45V kí ó tó dé ibẹ̀, kò ní í gbé e padà sílé láìsí ìyọnu.

Alàgbà olóòtú, mo rí i pé arákùnrin tí ó jókòó lọ́wọ́ òsì ti na ọwọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti dárúkọ bátìrì ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀.