A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé ní Ajah

Mo mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti fi ojú ọ̀pọ̀ wa rí màbo kí a tó dé ibí. Nítorí náà, n kò wá láti bẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà ṣíṣe. A nílò ọ̀nà, a sì ti gbàdúrà fún un. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà, ta ni wọ́n ń bi léèrè, ìgbà wo ni wọ́n sì ń bi í?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kan àwa tó ní mọ́tò. Ní 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ṣe àdéhùn pé kó tún ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ṣe, kó sì máa gba owó lọ́wọ́ awakọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà ní oṣù Kejìlá 2011, inú bí àwọn olùgbé. Wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn ti ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí ni. Àwọn kan fẹ̀hónú hàn lójú títì. Ẹ rántí bí ó ti rí lára wa nígbà náà, bí ẹni pé àwọn kan jókòó níbì kan, wọ́n sì pinnu lé wa lórí. Bí ó bá dun àwa tí a lè gba amòfin, tí akọ̀ròyìn sì ń gbọ́ ohùn wa, báwo ni yóò ti rí lára apẹja tí kò ní ju ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n lọ?

Àwọn àgbà tó wà láàárín wa tí wọ́n lé kúrò ní Maroko ní oṣù Keje 1990 kò nílò kí n ṣàlàyé. Ẹ tún wo Otodo Gbame, abúlé apẹja létí ọ̀sà ní Lekki, tí àwọn Ègùn pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe torí ọ̀nà ni wọ́n ṣe lé wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n wó ilé wọn ní oṣù Kọkànlá 2016, wọ́n sì tún padà wá ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin 2017. Ní oṣù Kẹfà 2017, Adájọ́ Adeniyi Onigbanjo ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a pé lílé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, kí ìjọba sì bá wọn jíròrò lórí ibi tí wọn yóò máa gbé. Ìdájọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi dé, ilé ti wó, èèyàn ti fọ́n ká.

Ní oṣù Kẹta 2024 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Calabar, ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 700 kìlómítà. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn ará Okun-Ajah fẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní ojú ọ̀nà tí àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti yí padà, ó ti fẹ́ gba inú abúlé àwọn. Mínísítà fún iṣẹ́ òde, David Umahi, ṣàlàyé pé àwọn wáyà ìbánisọ̀rọ̀ tó gba abẹ́ òkun wọlé ló wà lójú ọ̀nà àkọ́kọ́. Ìdí tó nítumọ̀ ni. Wáyà rí ẹni gbẹnu sọ fún un. Ilé àti ilẹ̀ baba àwọn ará abúlé ńkọ́?

Òfin tó dá lórí àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, ti 1992, sọ pé kí a fún ará ìlú láyè láti sọ èrò wọn kí ìjọba tó ṣe ìpinnu. Kí ó tó ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan yóò ní, ṣebí wọ́n ń san owó gbà-má-bìínú? Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 wo ilé tí a kọ́ àti irè oko. Kí ni yóò san fún ibi tí apẹja ń gúnlẹ̀ sí, tàbí fún àwọn oníbàárà ìyá tó ń ta ẹja yíyan lẹ́bàá ọ̀nà?

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn opó wọn dá nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Àwọn àpọ́sítélì kò pè wọ́n ní aláriwo. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje. Ẹ ka orúkọ àwọn méje náà, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Wọn kò kàn tẹ́tí sí olùráhùn lásán, wọ́n fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Bí a bá gbọ́ pé ìpàdé wà lórí ọ̀nà, gọ́tà tàbí afárá ládùúgbò wa, ẹ jẹ́ ká béèrè. Ṣé àkókò tí apẹja ti dé láti odò tí ìyá ọlọ́jà sì lè wá ni? Ṣé wọn yóò sọ èdè Ègùn, Ìlàjẹ àti Hausa níbẹ̀, àbí Gẹ̀ẹ́sì nìkan? Ṣé baálẹ̀ àti onílé nìkan ni wọ́n pè, àbí ayálégbé àti àwọn obìnrin náà? Ọkọ kò mọ iye tí ààrò ẹja ná ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, ta ni yóò padà wá sọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọn kò gbà?

Àwa náà jẹ̀bi o. Nígbà tí àwa ará ẹ́sítéètì dáwó ṣe gọ́tà, ta ló bi àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ léèrè ibi tí omi náà ń lọ? Kí ó tó di pé a jẹ́ ìjọba lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká kan ilẹ̀kùn wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí, ká bi wọ́n.

Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tó ń gbọ́. Àmín.