Aago Inú Ara àti Ìwé Kíkà Lóru

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, láti Igbótako dé Ìlútítun, ìbéèrè kan ni mo gbé wá: ṣé ọ̀lẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tòògbé ní kíláàsì?

Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí wọ́n lè kàwé mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oorun a bò wọ́n; olùkọ́ a sì na pàṣán sí wọn. Èmi rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ara ń ṣe.

Ara ní aago tirẹ̀. Ewéko pàápàá ní in. Gbogbo wa ni a mọ patanmọ́, tí ń ká ewé rẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, tí ó sì ń ká a bí ilẹ̀ bá ṣú. Ní ọdún 1729, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn. Kò rí oòrùn, síbẹ̀ ó ń ṣí ewé rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń ká a lóru. Ní 1962, Michel Siffre, ọmọ ilẹ̀ kan náà, wọ inú ihò ilẹ̀ láìmú aago dání, ó sì lo nǹkan bí oṣù méjì níbẹ̀. Ní 14 September tí wọ́n pè é jáde, 20 August ni ó pè é. Iyè rẹ̀ ti ṣìrò ọjọ́. Ara rẹ̀ kò ṣìrò. Nǹkan bí wákàtí 24 àti ààbọ̀ ni ó fi ń sùn tí ó fi ń jí.

Inú ọpọlọ ni aago yìí wà, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti kọjá ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni ó ń tún un ṣe. Ní ìdájí, ìgbóná ara a lọ sílẹ̀, iyè kì í sì í jí pépé. Oorun sì ni ọpọlọ fi ń to ẹ̀kọ́ ọ̀sán sí ààyè rẹ̀. Ẹni tí kò sùn dà bí ẹni tí ó kórè tí kò kó o wọ àká.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣe púpurú títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbà wo ni yóò kàwé bí kò ṣe lóru? Òótọ́ ni. Kí ó kà á níwọ̀nba, kí ó sùn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdánwò ṣì jìnnà. Kí ẹ̀yin olùkọ́ náà fi ẹ̀kọ́ tí ó le sí òwúrọ̀, ẹ má fi í sí ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán tí oorun ń kùn wọ́n.

Kí a tó na pàṣán, ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ náà léèrè ìgbà tí ó sùn. Ibí ni mo fi ọ̀rọ̀ sí, kí ẹ̀yin tí a jọ jókòó lè dá sí i.