Oòrùn Ọ̀sán àti Iṣẹ́ Ọgbà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì alẹ́ sọ ní Ajégúnlẹ̀)

 

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ń ṣe iṣẹ́ ọgbà. Àwọn kan ń kọjá Boundary láàárọ̀ lọ sí Àpápá. Wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń bomi rin òdòdó ní àyíká àwọn ilé ńláńlá. Àwọn ìyá wa kan sì ní ebè ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre níhìn-ín. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ lónìí: ooru lè pa ènìyàn. Kì í ṣe àsọdùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ara ṣe ń tutù. Bí a bá ń ṣiṣẹ́, ara á gbóná, òógùn á sì jáde. Òógùn tó ń ṣàn kọ́ ló ń mú ara tutù. Ìgbà tí ó bá ń gbẹ lára wa ni ara ń tutù. Ní àkókò ọyẹ́, ó máa ń yá gbẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Fẹ́búárì, Máàṣì àti Épírì, afẹ́fẹ́ Èkó máa ń kún fún omi nítorí òkun àti ọ̀sà tó yí wa ká. Òógùn á máa ṣàn, kò ní gbẹ, ara kò sì ní tutù. Bí ilẹ̀ bá tún ṣú, abẹ́ páànù wa kò jẹ́ kí a rí oorun sùn. Ara tí kò sinmi lóru ni a ó tún gbé lọ sínú oòrùn.

Ẹ rántí oṣù Fẹ́búárì ọdún 2024. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà ni Super Eagles àti Côte d'Ivoire gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan, tí wọ́n fi góòlù 2 sí 1 na wa. (Ajégúnlẹ̀ kò tíì gbàgbé.) Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 15, ooru ńlá kan mú ní gbogbo etí òkun wa. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣírò pé ooru náà, pẹ̀lú omi inú afẹ́fẹ́, rí lára ènìyàn bí ìwọ̀n Celsius 50. Ara tó dá ṣáṣá kì í ju nǹkan bí 37 lọ. Nínú ìdíje yẹn, wọ́n ń dá bọ́ọ̀lù dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni gbogbo wọn o! Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Kí ló wá dé tí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ń fi àdá gé koríko ní agogo méjì ọ̀sán, fi ń tijú láti jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù?

Ní oṣù Júùnù ọdún kan náà, ooru Mẹ́kà kọjá ìwọ̀n 50. Ìjọba Saudi sọ pé àwọn tó kú ní hajj ọdún náà lé ní 1,300, àti pé púpọ̀ nínú wọn rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòòji.

Àárọ̀ ni iṣẹ́ ọgbà. Nígbà tí a wà ní ipò ọ̀gá ilé-ìwé, wákàtí àkọ́kọ́ ni a máa ń fi iṣẹ́ oko àwọn ọmọ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, kí ẹ tún padà lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Omi tí a bá bu rin ẹ̀fọ́ ní kùtùkùtù pàápàá á dé ìdí gbòǹgbò kí oòrùn tó fà á gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀gá, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n tètè máa dé, kí n sinmi lọ́sàn-án, kí n parí rẹ̀ nírọ̀lẹ́.” Bí mádàámú kò bá sí nílé, ẹ kọ ọ́ sí ìwé fún wọn. Ṣebí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Ẹ má dúró de òǹgbẹ. Ìdajì píọ́ wọtà kan ní ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú dára, ṣùgbọ́n kí ó má ju mẹ́ta lọ ní wákàtí kan. Ẹ gbé e sí ibòòji. Ògógóró kì í ṣe omi, ńṣe ló ń dá kún un. Ẹ má sì ṣe bu omi mímu sínú ike oògùn kòkòrò, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Akẹtẹ̀ fẹ̀ ju fìlà lọ. Aṣọ fífẹ̀ tó fúyẹ́ sì sàn ju ìhòòhò lọ. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kí ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kété lẹ́yìn sààrì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn, kí ó fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ara rẹ̀ lè mọ ooru náà.

Àmì tó kọ́kọ́ ń hàn ni orí fífọ́, òòyì, èébì, pajápajá ní ẹsẹ̀, àti ìtọ̀ tó pọ́n. Àwọn kan á ní ibà ni. Wọ́n á ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Panadol kì í wo èyí. Ibòòji, omi àti ìsinmi ló ń wò ó, iṣẹ́ sì ti parí fún ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lálàá, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó dákú, ara rẹ̀ ti lè gbóná dé ìwọ̀n 40. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Ẹ gbé e sí ibòòji. Ẹ bọ́ aṣọ òkè. Ẹ da omi sí i láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá rẹ̀. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má ṣe fún un ní ohunkóhun mu. Ó lè gbà ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹnì kan pe 112 tàbí 767, kò gba owó. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba Ajeromi wà nítòsí. Títí mọ́tò yóò fi dé, ẹ má ṣe dẹ́kun omi dídà sí i lára.