IGBÓ LÓ Ń BỌ́ ỌJÀ
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ọmọ iléèwé sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí igbó ìpínlẹ̀ Ògùn, torí àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ bá wa gbin igi lónìí. Ẹlòmíì lè máa rò ó pé kí ló kan ọlọ́jà nínú ọ̀rọ̀ igbó. Ó kàn wá gan-an ni! Ẹ wo àtẹ wa. Ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, abẹ́ igi ńlá ló ti ń hù. Àpọ́n, ìgbín, orín àtà, igi ìdáná, igbó ni gbogbo wọn ti wá. Bí igi bá tán, ìbòòji tán. Bí ìbòòji bá tán, ewé tán. Àwọn eléwé wa ń rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí kí wọ́n tó rí ẹrù dì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ ìtàn díẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n igbó ìjọba ti wà kó tó dìgbà náà. Igbó Olókemèjì, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, láti 1899 ni. Igbó Ọmọ̀, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí J4, lápá Ìjẹ̀bú, láti 1925 ni. Ní 1977, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí ayé dá sí. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n gẹdú gígé àti oko dídá ti jẹ ẹ́ wọlé púpọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, gbígbin igi kọ́ ló nira. Ọjọ́ kan la fi ń gbìn ín: a ya fọ́tò, a jẹ ráìsì, oníkálukú gbalé lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ta ní ń bomi rin ín? Ewúrẹ́ a jẹ díẹ̀, oòrùn a pa ìyókù.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkíní, kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àti ọmọ iléèwé kan jọ ni igi kan. Màá kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé ẹgbẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, igi tó yè la máa kà, kì í ṣe èyí tí a gbìn.

Èkejì, aṣọ ẹgbẹ́ wa dára, ó yẹ wá, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ nínú owó àjọ̀dún fi ṣe ọgbà yí igi ká, ká sì ra kẹ́ẹ̀gì omi fún iléèwé.

Ẹ̀kẹta, 21 oṣù kẹta ni Ọjọ́ Igbó Lágbàáyé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2012. Òjò kì í tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, kò yẹ fún igi gbígbìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá eléwé ọmọ fi ọjọ́ náà lọ sí iléèwé, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ igi àti iṣẹ́ tí ewé ń ṣe. Bí àwọn ìyá wọ̀nyí bá lọ láìkọ́ ẹnikẹ́ni, a ò ní rí ibi tí a ti máa bèèrè mọ́. Kékeré la sì ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Igi kan ò lè dá igbó ṣe. Èèyàn kan ò lè dá ẹgbẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.

Ọjà á tà o, igbó ò ní tán nílẹ̀ wa.