Ìkarahun tí A Pè ní Fàdákà

Ẹnì kan rí ìkarahun tí ń dán létí òkun. Ó pè é ní fàdákà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Níbo ni àṣìṣe wà? Prabhakara, ọ̀kan nínú àwọn Mimamsa ilẹ̀ Íńdíà, ní kò sí ìmọ̀ èké níbẹ̀ rárá: ojú rí ‘èyí’, ọkàn rántí fàdákà àtijọ́, ẹni náà kò kàn mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni. Kò fẹ́ kí a rí ìmọ̀ kankan tí ó parọ́, kí a má baà ṣiyèméjì nípa gbogbo ìmọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Nyaya bèèrè pé: kí ló mú un na ọwọ́? Àìmọ ìyàtọ̀ nìkan kì í mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀; ó gbà pé èyí gan-an ni fàdákà. Lójú tèmi, wọ́n jàre. Fàdákà ọ̀hún wà lóòótọ́, bí wọ́n ti wí, ṣùgbọ́n níbòmíràn ni. Ìrántí ló so ojú mọ́ ọn.