Ibà Lásà: Ohun Tí Wọ́n Rí Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa

(Ìlù dùndún wọlé, ó rọlẹ̀ lábẹ́ ohùn.)

ASỌ̀RỌ̀: Eku kan ṣoṣo tọ̀ sí gàrí inú ilé. Ilé kan náà, gàrí kan náà. Láàárín ọjọ́ 2 sí 21, ibà Lásà lè dá ẹnìkan wó. Ẹlòmíràn tó bá a jẹun lè má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wọ ara òun. Kí ló fà á?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ní ìlú Ara, àwọn tó ń wá ìdáhùn kò jìnnà sí yín. Ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ni bùdó ìwádìí tí wọ́n mọ̀ sí ACEGID wà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti Pardis Sabeti ti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì Kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020.

(Ìlù díẹ̀.)

Àmọ́ Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ Lásà àti àbùdá wa yìí ti ṣẹ̀. Nígbà iṣẹ́ HapMap, tí wọ́n fi wo bí àbùdá ọmọ ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra káàkiri ayé, ìdílé Yorùbá 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Sabeti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí nǹkan ìyanu lọ́dún 2007. Oríṣi kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní LARGE ti tàn kálẹ̀ láàárín wa kíákíá, bí ohun tó ń gba ẹ̀mí là ṣe máa ń tàn láti ìran dé ìran. Iṣẹ́ jíìnì yìí ni láti to ṣúgà kan sí ara sẹ́ẹ̀lì. Ṣúgà yẹn gan-an ni fáírọ́ọ̀sì Lásà ń dì mú kó tó ráyè wọlé.

Ẹ rò ó wò. Ọdún 1969 ni àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àrùn yìí mọ̀, ní ìlú Lassa ní Borno. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara àwọn baba ńlá wa ti ń bá a jà tipẹ́tipẹ́ kó tó lórúkọ. Orí mi wú nígbà tí mo kà á.

Lọ́dún 2024 ni èsì ìwádìí ńlá jáde: aláìsàn Lásà 533 àti ènìyàn 1,986 mìíràn, ní Nàìjíríà àti Sierra Leone, fún ọdún 7. Ní Nàìjíríà, ewu Lásà dín kù lára àwọn tó ní oríṣi LARGE yẹn. Ní Sierra Leone, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Irú fáírọ́ọ̀sì tó wà lọ́hùn-ún sì yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n tún rí ìyàtọ̀ nítòsí jíìnì méjì, GRM7 àti LIF, tó bá ikú àwọn aláìsàn wa tan.

Ẹni tó ní ààbò yìí ṣì lè kó Lásà, nítorí náà ẹ dé gàrí yín. Ní ti ìtọ́jú, ribavirin ni ilé ìwòsàn ń lò. Kò tíì sí dókítà tó lè wo àbùdá aláìsàn Lásà kó fi yan oògùn fún un. Aláìsàn 533 kéré fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i ni àwọn olùwádìí nílò, tiwa náà sì wà níbẹ̀.

(Ìlù gòkè.)