Bí Ọjà Àkọ́kọ́ Bá Kùtà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé ibùdó

 

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kì í ṣe ti èbù, kì í sì í ṣe ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Láti ọdún 2012 tí Jumia àti Konga ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń fi fóònù tajà. Ẹni tó wà ní ibùdó yìí lè ta ọjà fún ẹni tó wà ní Kánò tàbí ní Ìbàdàn láì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tó máa ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ọjà àkọ́kọ́ tó rà máa ń pọ̀ jù. Páálí á kún yàrá, owó á sì tán lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òjò kì í dúró de ẹni tí owó ajílẹ̀ rẹ̀ wà nínú páálí.

Kí ló ń fà á? Ẹni tí a fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ á sọ pé, bí a bá ra mẹ́wàá, N7,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ra ọgọ́rùn-ún, N6,000 ni. Àwa náà á jókòó, a ó ṣírò èrè tó wà lórí ọgọ́rùn-ún náà, ṣùgbọ́n a kì í ṣírò iye oṣù tí a ó fi tà á tán. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: ọjà ọ̀pọ̀ tí kò tà, ọ̀wọ́n ni.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí ni ṣíṣe?

Èkínní, ẹ má tún ra òmíràn. Àwọn kan á sọ pé ọjà mìíràn ni yóò gbé ti àkọ́kọ́ jáde, wọn á sì lọ yá owó kún un. Bí iná bá ń jó, a kì í kó igi sí i. Ẹ kọ́kọ́ ka èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye tí ẹ rà, iye tí ẹ ti tà, iye tó bàjẹ́, iye tí oníbàárà dá padà, àti iye tó kù.

Èkejì, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín. Páálí tí ẹ kò tíì tú, ó ṣeé ṣe kí ó gbà á padà, tàbí kí ó fi ọjà mìíràn tó ń yá pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ yọ owó díẹ̀ kúrò, ẹ gbà á yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ. Bí ọjà bá ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, kò ní fẹ́ gbọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ gbé páálí sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì kan ògiri. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ tàbí oògùn apakòkòrò. Ẹ ṣọ́ ọ lọ́wọ́ eku. Bí ó bá jẹ́ fìtílà tó ń fi oòrùn gba iná, ẹ máa gbé e jáde kí ó gba iná ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí bátìrì tí iná rẹ̀ tán pátápátá, tí a sì gbé kalẹ̀ fún oṣù púpọ̀, lè bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó rárá. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ inú ọ̀rá tàbí ìpara, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tà. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ má ta á rárá, ẹ má sì fi tọrẹ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wádìí ohun tí kò jẹ́ kí ó tà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà kò lè fọwọ́ kan ọjà. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ni ojú rẹ̀. Ẹ gbé ọjà síta ní òwúrọ̀, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ kọ bí ó ti tóbi tó, wákàtí mélòó ni iná rẹ̀ ń pẹ́, ohun tó wà nínú páálí, àti iye tí wọn yóò san láti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì wò ó. Bí ẹ bá yí àwòrán, iye owó àti ọ̀rọ̀ padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún ni ìṣirò, òun ló sì máa ń le jù lọ fún ọkàn. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹnì kan ra fìtílà 100 ní N6,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì san owó ọkọ̀ N50,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ N650,000; N6,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan bá a dúró. Ó ń tà á ní N9,000, ṣùgbọ́n owó làádà tí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń yọ àti owó wàhálà gbígbé jẹ́ N1,500. N7,500 ló ń wọlé, èrè sì jẹ́ N1,000. Lóṣù méjì ó ta 20. Ó ku 80. Bí ó bá ń ta mẹ́wàá mẹ́wàá lóṣù, oṣù mẹ́jọ ni yóò fi tà á tán.

Nísinsìnyí, oko ń pè, ó sì nílò N300,000. Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè kó fìtílà 50 fún àwọn alágbàtà ní N6,000, kí ó pàdánù N500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn N25,000, kí N300,000 sì wọlé. Tàbí kí ó di 50 náà mú, kí ó lọ yá N300,000 ní owó èlé. Bí èlé náà bá jẹ́ náírà 5 lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, N15,000 ni yóò máa san lóṣooṣù. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò fi ta 30 tó kù, tí yóò fi owó wọn jẹun. Láàárín ìgbà náà, èlé ti di N45,000. Lẹ́yìn náà ni yóò tó máa fi owó 50 náà san gbèsè díẹ̀díẹ̀, èlé á sì ti kọjá N80,000 kí gbèsè tó tán. Èrè wo ni 50 náà mú wá? N50,000 péré. Ẹni tó sọ pé òun kò ní ta ọjà òun ní àdánù ti ra àdánù tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, iye tí ẹ rà á kọ́ ni kí ẹ máa wò. Owó yẹn ti lọ. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: èló ni ọjà yìí lè mú wá lónìí, kí sì ni owó náà lè ṣe fún ilé àti oko? Ẹ di èyí tó lè tà láàárín oṣù mẹ́ta mú ní iye rẹ̀ gangan. Èyí tó lé ni kí ẹ lé jáde.

Àwọn ọmọ wa tó ń tajà lórí Amazon ní Amẹ́ríkà mọ èyí. Láti ọdún 2006 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń bá oníṣòwò tọ́jú ọjà. Oṣooṣù ló ń gba owó ààyè, owó náà sì máa ń ga sí i láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Yàrá tiwa kì í gba owó lọ́wọ́ wa. Òun ló fi ń tàn wá jẹ.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí orí fóònù kò bá yá, ẹ gbé e lọ sí ọjà ọrọọrún. Ẹ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè san díẹ̀díẹ̀, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè so ọjà méjì pọ̀ ní iye kan. Ẹ lè dúró de ìgbà ẹ̀dínwó oṣù kọkànlá, bí kò bá jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ pé N15,000 ni ẹ ń ta ohun tí ẹ kò tà ju N9,000 lọ rí. Ẹ má sì fi àbùkù pamọ́. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà kò jẹ́ kí a gba owó tó ju iye tí a kọ síta lọ, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò dára padà. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lè jẹ gbogbo èrè yín.

Ní ti ọjọ́ iwájú, ẹ̀kọ́ náà wà lóko wa. Bí wọ́n bá mú irúgbìn àgbàdo tuntun wá, ta ni nínú yín ló ń gbìn ín sí gbogbo oko lọ́dún àkọ́kọ́? Ebè díẹ̀ ni a fi ń dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí ọjà. Ẹ ra mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Owó tó lé lórí rẹ̀ ni owó ìwádìí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye tó ń tà lọ́sẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ 3, tí ọjà tuntun sì ń gba ọ̀sẹ̀ 4 kí ó tó dé, 12 ni ẹ nílò. Ẹ fi 4 kún un nítorí ìdádúró ọ̀nà, ó di 16. Kì í ṣe 100.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti kó sínú èyí, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ ka páálí. Ẹni tó bá ń tijú kì í sọ iye tó kù, gbèsè a sì máa dàgbà nínú òkùnkùn.

 Ọjà wa kò ní kùtà o. Oko á dára, ilé á sì tòrò.